Ìrìn-àjò Mi sí Ẹ̀pẹ́ Nítorí Òrùlé Ìyá Mùlíká

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ sùn ní Ẹ̀pẹ́ gẹ́gẹ́ bí àjèjì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé láti Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ọ̀nà Mẹ́kà. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń lọ ra ẹja níbẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n á ti sè é jẹ kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ní í sọ ọ̀nà di gígùn. Ohun tí ènìyàn ń wá lọ pẹ̀lú ń sọ ọ́ di gígùn. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni èmi ń wá lọ, ó sì dá mi lójú pé ẹni tó bá gbéra lọ sí Mẹ́kà lọ́jọ́ kan náà yóò ti padà dé kí n tó rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi kúrò nílé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan wá sí àdúgbò wa lẹ́yìn Itamaga pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Wọ́n fi àmì sí ara ilé kan, wọ́n fo méjì, wọ́n fi sí òmíràn. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a bi wọ́n pé kí ni àmì náà wà fún, wọ́n ní iṣẹ́ ni wọ́n rán àwọn. Láti ọjọ́ náà ni olúkúlùkù ti di olùtumọ̀ ọ̀dà. Ẹnì kan ní kánààlì ńlá ni ìjọba fẹ́ gbẹ́ gba ibẹ̀, pé gbogbo ilé tó bá ní àmì ni wọ́n máa wó. Ẹlòmíràn ní rélùwéè ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò mọ nǹkan kì í dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́, a ó ní kò fẹ́ràn ará àdúgbò.

Ilé Ìyá Mùlíká wà lára àwọn tó gba àmì. Opó ni, aránṣọ ni, inú yàrá iwájú ilé náà ló sì ti ń ránṣọ. Páànù orí ilé náà ṣì tuntun. Kò tíì pẹ́ tó kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Èkó mọ àṣà wa: bí katapílà bá ń bọ̀, ọlọ́gbọ́n kì í dúró dè é. Yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tú òrùlé, yóò yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ìjọba lè dé bá ògiri nìkan. Ìyá Mùlíká ti bá kápíńtà sọ̀rọ̀.

"Tíṣà," ó wí fún mi, "bí mi ò bá gbọ́ nǹkan gidi títí ọjọ́ Ẹtì, lọ́jọ́ Sátidé, òrùlé mi ń bọ̀ nílẹ̀. Wọn ò ní lọ páànù mi bí ẹní lọ ata."

Ọ́fíìsì tó rán àwọn ọlọ́dà wà ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn tí ẹgbẹ́ àdúgbò wa rán lọ síbẹ̀ kò kọjá géètì. Bí a ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni ìwé ìpè kan dé. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni, ní Ẹ̀pẹ́ kan náà, fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ará ìlú pọ̀, lórí bí ará ìlú ṣe lè rí ọ̀rọ̀ gbà lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan fi ẹnì kan ránṣẹ́. Alága ní èmi ni kí n lọ, nítorí pé mo mọ ìwé. Òótọ́ tí kò sọ ni pé mo ti fẹ̀yìntì, kò sì sí ẹlòmíràn tó ráyè.

Nínú ọkọ̀

N kò ní fi bí a ṣe wọ ọkọ̀ dá yín lágara. Ẹ ti wọ ọkọ̀ rí. Àwọn tí a jọ wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. A kò tíì kọjá Ìmọ̀tà tí ọkùnrin kan tó gbé àgé tuntun lé itan fi yíjú sí mi.

"Màmá, ìrìn-àjò ọ̀hún dà bí èyí tó jìn o. Báàgì yín wúwo."

"Ẹ̀pẹ́ ni mo ń lọ. Mo fẹ́ lọ kọ́ bí ènìyàn ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìjọba."

Obìnrin kan tó ń jẹ òjòjò ní ẹ̀yìn wá béèrè pé: "Ìjọba ńkọ́? Ṣé wọ́n ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ìtòíkín. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, tọ̀tún-tòsì la jọ máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti na òjòjò kan sí mi, ẹni tó bá sì ń jẹ òjòjò gbígbóná kò lè ṣe olùkọ́.

Ìlú tí wọn kì í béèrè orúkọ kí o tó jẹun

Àlàájà Sàláwà ló gbà mí sílé, àbúrò olùkọ́ kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí. Ilé rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà. Bí mo ṣe wọlé, kò bi mí ní nǹkan kan. Omi ni mo rí, lẹ́yìn náà ni ìkókóre. Ìkókóre náà dára, ẹja inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju iṣu lọ. Ìgbà tí mo fọwọ́ tán ló tó la ẹnu.

"Ṣé ẹ̀yin ará Ìkòròdú ṣì ń se ìkókóre tí kò lẹ́ja?"

"Àlàájà, ẹja wà nínú tiwa."

"Ṣé ó wà nínú rẹ̀ ni, àbí ó kàn gba ibẹ̀ kọjá?"

Báyìí ni mo mọ̀ pé mo ti dé òkèèrè. Ìran kan náà ni wá, ohùn àwọn àgbà wa jọra, síbẹ̀ ìkòkò ìkókóre kan ti sọ mí di àlejò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí àwọn aládùúgbò Àlàájà fi mọ iye ọmọ mi, ibi tí wọ́n ń gbé, àti orúkún mi tó ń dùn mí. Èmi náà ti mọ ẹni tó fẹ́ gbéyàwó ní òpópónà náà àti ìdí tí ìyá ìyàwó kò fi fẹ́. Kò sí ẹni tó kọ lẹ́tà béèrè. Mo rò ó pé bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá lè wá gbé ní àgbàlá Àlàájà fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, kò ní sí ohun tí a ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí.

Mo ti kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì jẹ́ ọmọlúwàbí. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Kò sí ẹnì kankan o."

"Ọmọ mi, n kò tíì sọ ẹni tí mo ń wá."

"Ẹni yòówù tí ẹ bá ń wá, Mà, kò sí."

"Níbo ni wọ́n lọ?"

"Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni, Mà. Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa máa ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú."

Mo wo ilẹ̀kùn náà. Wọ́n fi àgádágodo ńlá kan tì í. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà wọlé fún ẹ̀kọ́ tiwọn kí àwa ará ìlú tó dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́jọ́ kejì. N kò bínú. Ẹni tó bá ń kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ fi etí odò sílẹ̀ ná.

Ọjọ́ tí mo di ọ̀gá

Nínú gbọ̀ngán tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ta aṣọ gbàgàdà kan sára ògiri tó ní: "Ọ̀rọ̀ Ìjọba, Ti Ará Ìlú Ni." Mísì Títí, ọ̀dọ́bìnrin aláyọ̀ tó ń kọ́ wa, ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ipò tó wà, kí ọ̀gá àti ará ìlú lè bára wọn ṣe bí ẹgbẹ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìkan ni kí oníkálukú kọ sí àyà. Ó wá pín wa ní méjì-méjì. Ọkùnrin tó bọ́ sọ́dọ̀ mi ń jẹ́ Wàsíù. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń gbọ́rọ̀ tán kó tó sọ tirẹ̀. Inú mi dùn sí i. Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Mísì Títí ní ká ṣe eré. Èmi ni kí n ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, kí Wàsíù ṣe ará ìlú tó wá béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n gbé tábìlì fún mi. Wàsíù dúró níwájú mi.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sára ilé mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa wó o."

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá gan-an ló sọ, ṣùgbọ́n mo ti di ọ̀gá. Mo mú fóònù mi, mo ń wò ó.

"Ẹ káàárọ̀, Mà."

"Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀dà kò sí lórí ìjókòó."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

"Ṣé èmi ni ìyàwó rẹ̀?"

Gbọ̀ngán ho yèè. Wàsíù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú.

"Mà, ilé mi ni. Àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀."

"Ẹ lọ kọ lẹ́tà."

"Sí ta ni, Mà?"

"Sí ọ̀gá."

"Ta ni ọ̀gá?"

"Ẹ̀yin yìí, ẹ ò mọ ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ọ̀gá lẹ wá fẹ́ mọ̀?"

Àwọn kan ti ń nu omijé ẹ̀rín. Kí n má purọ́ fún yín, ìjókòó náà tù mí lára. N kò mọ̀ pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti má ṣe nǹkan kan. Mísì Títí pàtẹ́wọ́ pé ó tó, ká jókòó. Wàsíù kò jókòó. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"Wọn ò tíì dá mi lóhùn," ó wí.

Ẹ̀rín gbọ̀ngán náà rọlẹ̀. Ó wò mí. "Màmá, ta ló kọ́ yín ní eléyìí?"

"Géètì kan ló kọ́ mi," mo wí, "ní ìlú yín níbí."

Ọ̀bọ̀kún

Ní ọ̀sán, ẹ̀bà àti ẹja ọ̀bọ̀kún ni wọ́n fún wa. Wàsíù gbé àwo rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì bi mí pé ibo ni mo ti wá gan-an. Mo sọ fún un. Mo dárúkọ òpópónà wa, mo sọ ti Ìyá Mùlíká àti kápíńtà rẹ̀. Ó gbé òkèlè sílẹ̀.

"Màmá, èmi ni ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló kun ọ̀dà yẹn."

Èmi náà gbé tèmi sílẹ̀.

"Wọn kò ní wó ilé yẹn," ó tún wí. "A ti yí ojú kánààlì padà tipẹ́. Ẹ̀yìn pápá ilé ìwé ló máa gbà. Kò kan òpópónà yín mọ́."

"Tipẹ́? Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"A sọ ọ́, Mà. A lẹ máàpù tuntun síta."

"Síta ibo?"

"Sára pátákó ìkéde."

"Pátákó náà ńkọ́?"

Ó fọwọ́ nu ẹnu. "Inú ló wà, Mà. Lẹ́yìn géètì. Bí a bá gbé e síta, àwọn ènìyàn máa ń ya á."

Mo dìde, mo lọ sábẹ́ igi, mo pe Ìyá Mùlíká. Mo ti ń retí ariwo ayọ̀. N kò gbọ́ ọ.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Tíṣà?"

"Ọ̀gá wọn ni. A jọ jẹun tán báyìí ni."

"Ó fún yín níwèé?"

"Ẹnu ló fi sọ ọ́."

"Ẹnu náà ni wọ́n fi sọ fún alága pé rélùwéè ni. Ẹ má bínú, Tíṣà mi. Ẹnu kì í dá katapílà dúró. Ẹ bá mi mú ohun tí ojú lè rí bọ̀. Kápíńtà ń bọ̀ ní Sátidé o."

Mo padà bi Wàsíù bóyá ó lè fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé fún mi. Ojú tì í kó tó dáhùn. Ó ní kí n kọ̀wé béèrè, pé ìwé náà yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò fọwọ́ sí i, yóò gòkè lọ, yóò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan.

"Òrùlé ló máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀," mo wí.

Kò lè jẹ ọ̀bọ̀kún rẹ̀ tán. Èmi jẹ tèmi tán. Ẹja kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ara ògiri

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n kó gbogbo wa lọ ṣèbẹ̀wò sí ọ́fíìsì náà, kí ará ìlú lè rí i bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Géètì tó lé àwọn ará àdúgbò mi padà ṣí gbàyàwù. Olùṣọ́ tún dọ̀bálẹ̀. "Màmá, wọ́n ti wà lónìí o!"

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí i. Máàpù gbàǹgbà nínú gíláàsì, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba. Ilà àtijọ́ tó gba òpópónà wa kọjá, wọ́n ti fagi lé e. Ilà búlúù tuntun gba ẹ̀yìn pápá ilé ìwé. Mo rí ibi tí ilé Ìyá Mùlíká wà bí ẹni rí ojú ẹbí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù náà, wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá: "Ẹ MÁ YA FỌ́TÒ NÍBÍ."

Mo yọ fóònù jáde. Olùṣọ́ rọra na ọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Àṣẹ ni."

Mo wo Wàsíù. Ó wo ilẹ̀. Mo mọ irú ojú bẹ́ẹ̀. Ojú ẹni tó ṣì ní ọdún díẹ̀ kó tó fẹ̀yìntì ni. N kò dá a lẹ́bi. Mo dá fóònù padà sínú báàgì.

Mísì Títí pàtẹ́wọ́. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta, ká ya fọ́tò ìparí lábẹ́ àsíá!" Ẹ mọ̀ pé kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ yìí tí kì í parí sí fọ́tò. Ènìyàn lè gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ, kò ní gbàgbé ibi tó dúró sí.

Ìgbà náà ni Wàsíù gbé ohùn sókè. "Oòrùn mú níta. Ẹ jẹ́ ká yà á níbí. Ìmọ́lẹ̀ ibí dára."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ṣókùnkùn bí inú àmù. Olùṣọ́ nìkan ló kọ̀.

"Sà, wọ́n ní kí ènìyàn má ya—"

"Ara ògiri ni wọ́n ní ká má yà. Ṣé ara ògiri ni Màmá?"

Olùṣọ́ rò ó wò. "Rárá, sà."

"Èmi ni mo máa yà á," ni Wàsíù wí, ó sì gba fóònù mi. Ó tò wá síwájú máàpù, àwọn gíga sí ẹ̀gbẹ́, àwọn kúkúrú sí àárín, ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Ó wo inú fóònù, ó sì dúró.

"Màmá, gèlè yín ń bo nǹkan."

"Kí ló ń bò?"

"Nǹkan ni, Mà."

Mo yíjú wo ẹ̀yìn díẹ̀. Gèlè mi, tí mo fi gbogbo àárọ̀ dì, dúró gbọnrangandan lórí òpópónà wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ, n kò ṣí orí sílẹ̀ láàárín àwùjọ rí. Lọ́jọ́ náà, irun mi kò gún. Mo ti tú apá kan nílé Àlàájà, mo fi ìyókù sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, nítorí pé gèlè wà. Èmi kan náà ni mo ń yẹ irun àwọn ọmọ wò ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé nílé ìwé, tí mo ń dá ẹni tí irun rẹ̀ kò gún padà sílé.

Mo ṣí gèlè. Mo ká a, mo fi há abíyá. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Háà, Màmá." Wàsíù ya fọ́tò náà. Ó tún un yà. Ó dá fóònù padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ilé

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Ìyá Mùlíká lórí Wátsáàpù. N kò mọ̀ pé kápíńtà ti ríṣẹ́ mìíràn fún Sátidé, ó sì ti wá lọ́jọ́ Ẹtì. Orí ilé ló wà bí fọ́tò ṣe wọlé. Páànù orí ilé ìdáná ti wà nílẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìṣó ti yàrá ìránṣọ.

Ìyá Mùlíká pè mí. "Tíṣà! Kí ló ṣe irun yín? Ṣé wọ́n nà yín ni?"

"Fi irun mi sílẹ̀. Fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà. Wo ẹ̀yìn èjìká mi ọ̀tún."

Mo ń gbọ́ ìró òòlù kápíńtà láti òkè. Ó wá ní, "Ilé ìwé rèé. Mọ́ṣáláṣí rèé… Òpópónà wa rèé. Ilà búlúù ò débẹ̀." Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè: "Kápíńtà! Fi ìṣó yẹn sílẹ̀! Sọ̀ kalẹ̀, mo ní o sọ̀ kalẹ̀!"

Nígbà tí mo délé ní Sátidé, wọ́n ti ń kan páànù ilé ìdáná padà. Ṣùgbọ́n ojú ìṣó àtijọ́ kì í dí tán. Bí òjò bá rọ̀ títí di òní, Ìyá Mùlíká ń gbé abọ́ sílẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ìjọba kò fọwọ́ kan ilé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, níbi tó ti ń dúró de ọ̀rọ̀ kan tó wà lára ògiri.

Àmì pupa náà ṣì wà níbẹ̀. Ó kọ̀ láti fọ̀ ọ́. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ ni yóò wá pa á rẹ́. Èmi náà kọ lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo ní kí wọ́n gbé pátákó ìkéde wọn síta géètì. Èsì kò tíì dé. Mo mọ̀ pé ó ń gòkè lọ, ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Mùlíká fi férémù sí fọ́tò náà, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Àwọn tó wá ránṣọ máa ń béèrè ẹni tó yà á, n kò sì ní ojú kankan tí mo lè fi hàn wọ́n, nítorí ẹni tó di fóònù mú kì í sí nínú fọ́tò. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ará ìlú wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sí ibi tí ojú wọn lè dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọ̀rọ̀, ẹ tètè béèrè, kí kápíńtà tó dé. Bí ẹ bá sì yà nílé Ìyá Mùlíká, mo bẹ̀ yín, ẹ má wo orí mi. Ẹ wo ẹ̀yìn èjìká mi ọ̀tún, kí ẹ fi kọ́gbọ́n.